Erin, Ẹ̀rin àti Orígun Mẹ́rin Ayé

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Muṣin fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́: pé àwọn ará Íńdíà ayé àtijọ́ gbà pé erin ló ń ṣọ́ orígun ayé, pé ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń pe ẹranko náà ní "erin", tí a sì ń pe iye orígun ayé ní "mẹ́rin", pé ẹ̀rí nìyí pé Íńdíà ni a ti ṣẹ̀ wá. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n "kì í ṣe òótọ́" lásán kì í kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n. Bí ẹnì kan bá ní òun rí ẹbí wa ní òkè òkun, ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, nítorí ọ̀la ẹlòmíì á tún dé pẹ̀lú tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un ní ẹsẹẹsẹ.

Ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn ará Íńdíà sọ gan-an. Ní èdè Sanskrit, dis ni ìhà tàbí apá ayé, gaja sì ni erin. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ó di diggaja, ìyẹn erin tó wà ní apá ayé. Nínú Ramayana, ìtàn wà nípa ọba kan tó ń jẹ́ Sagara. Wọ́n jí ẹṣin ìrúbọ rẹ̀ gbé, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ìtàn ní wọ́n tó 60,000, wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ kiri láti wá a. Ní ìhà ìlà-oòrùn, wọ́n bá erin ńlá kan tó ń jẹ́ Virupaksha, tó fi orí ru ayé. Wọ́n bá Mahapadma ní gúúsù, Saumanasa ní ìwọ̀-oòrùn, àti Bhadra ní àríwá. Wọ́n ní bó bá rẹ Virupaksha, tó sì mi orí rẹ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn ni ilẹ̀ máa ń mì tìtì.

Ìyẹn mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Amarakosha, ìwé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti èdè Sanskrit tí Amarasimha kó jọ: mẹ́jọ ló kà, orúkọ wọn sì yàtọ̀ sí ti Ramayana. Airavata, erin funfun tí òrìṣà Indra ń gùn, ló wà ní ìlà-oòrùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pundarika, Vamana, Kumuda, Anjana, Pushpadanta, Sarvabhauma àti Supratika, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, títí kan àwọn igun tó wà láàárín ìhà méjì. Nígbà tó yá, wọ́n tilẹ̀ fi oyè náà dá èèyàn lọ́lá. Ọba Krishnadevaraya tó jẹ ní Vijayanagara láti 1509 sí 1529 ní akéwì mẹ́jọ láàfin tí ìtàn ń pè ní Ashtadiggaja, erin mẹ́jọ tó ń ṣọ́ apá ayé. Akéwì èdè Telugu ni wọ́n.

Ẹ ti rí àléébù àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tàn kálẹ̀ yẹn. Iye erin náà kì í ṣe mẹ́rin nígbà gbogbo. Bí "mẹ́rin" bá ti ara erin Íńdíà wá, kí ló dé tí "mẹ́jọ" kò ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú? Àléébù kejì tún le ju ìyẹn lọ. Ní èdè Sanskrit fúnra rẹ̀, catur ni mẹ́rin, gaja sì ni erin. Ẹ pe méjèèjì sókè. Wọn ò jọ ara wọn rárá! Èdè Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti súnmọ́ra létí. Báwo ni a ṣe fẹ́ yá eré ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní in?

Ká wá bọ́ sí ilé tiwa. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì ẹ ó rántí àwọn ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ sójú pátákó: erin, ẹ̀rin, ẹ̀rín. Ẹranko ni ti àkọ́kọ́, iye ni ìkejì, ohun tí ẹnu ń ṣe nígbà tí inú bá dùn ni ìkẹta. Ti ẹranko bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì e, ohùn àárín ló sì wà lórí sílébù méjèèjì. Ti iye bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ, ohùn ìsàlẹ̀ ló ṣíwájú. "Mú" ló so mọ́ ọn tó fi di "mẹ́rin". Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i á rí "erin" àti "merin", á sì rò pé òun ti rí ìdílé kan náà. Àmì kékeré abẹ́ ẹ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ẹ ti pa ẹ̀rí rẹ́ nìyẹn.

Ìró nìkan kò sì tó. A gbọ́dọ̀ bi àwọn èdè tó bá tiwa tan léèrè. Mẹ́rin ni anọ ní èdè Igbo, ene ní èdè Edo, ene náà ni ní èdè Ewe, anan ní èdè Akan, nne ní Swahili, tó jìnnà réré sí wa ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe jọra? Ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ó ti wà kí Yorùbá tó máa jẹ́ Yorùbá. Ẹ wá béèrè orúkọ erin: enyi ni Igbo ń pè é, eni ni Edo ń pè é, ṣùgbọ́n ɔsono ni Akan ń pè é, ndovu sì ni Swahili ń pè é. Ọ̀rọ̀ fún iye wà káàkiri, ọ̀rọ̀ fún ẹranko yí padà láti ilé dé ilé. Igbo kò so enyi mọ́ anọ, Akan kò so ɔsono mọ́ anan. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì gbà dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ọ̀kan náà. Àgbákò ìró ni wọ́n fi súnmọ́ra lẹ́nu Yorùbá.

Èyí ni irú ìjọra àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀: ìjọra ìró tí kò ní ìtàn kankan nínú.

Irú kejì wà tó dára ju ìyẹn lọ. Òun ni ìjọra èrò. Èèyàn méjì tí kò tíì pàdé rí lè wo nǹkan kan náà kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà nípa rẹ̀. Ní Sanskrit, orúkọ mìíràn fún erin ni hastin, láti inú hasta, tó túmọ̀ sí ọwọ́. Ìmú gígùn erin ni wọ́n ń pè ní ọwọ́. Kí ni Yorùbá ń pe ìmú náà? Ọwọ́jà. Ọwọ́ ni àwa náà pè é! Kò sẹ́ni tó yá ẹnikẹ́ni lọ́rọ̀. Ẹni tó bá ti rí erin tó ń fi ìmú já ewé, tó ń fi ìmú bu omi, ọwọ́ ló máa pè é.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ apá ayé rí. Ẹni tó ń sọ Sanskrit kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ kó tó ka ìhà. Nítorí náà, purva, tó túmọ̀ sí iwájú, ni ìlà-oòrùn. Pashchima, tó wá láti inú ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yìn, ni ìwọ̀-oòrùn. Dakshina, ọwọ́ ọ̀tún, ni gúúsù. Ibẹ̀ ni orúkọ ilẹ̀ Deccan ti wá. Àwa náà wo oòrùn: ibi tó ti là àti ibi tó ti wọ̀. A tún wo òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ ronú sí bí ará Èkó ṣe máa ń pe àwọn tó ti ìlú inú lọ́hùn-ún wá ní "ará òkè". Aṣọ òkè, aṣọ àwọn ará òkè ni. Ìsàlẹ̀ Èkó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ta ló wá ń ṣọ́ ìhà lọ́dọ̀ tiwa? Yorùbá ò fi erin síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Nínú ogun, Balógun wà láàárín, Ọ̀tún Balógun wà lápá ọ̀tún, Òsì Balógun wà lápá òsì. Ìbàdàn fi oyè wọ̀nyí jagun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lónìí, ẹ máa bá Ọ̀tún àti Òsì nínú ẹgbẹ́, nínú mọ́ṣáláṣí àti nínú ìjọ. Ní ẹnu odi ìlú, oníbodè ló jókòó tó ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, tó sì ń gba owó bodè. Ní oríta, Èṣù ni.

Ẹ̀yin ará Mainland, ẹ ò ní láti lọ jìnnà láti rí i. Ojúẹlẹ́gba ní Sùúrùlérè, kí ni orúkọ náà ń sọ? Ojú Ẹlẹ́gbára ni, ojúbọ Èṣù. Ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ wo bí ọ̀nà ṣe pín: ọ̀kan ń lọ sí Yábà, ọ̀kan sí Ìdí-Òro àti Muṣin, ọ̀kan sí Lawanson àti Ìtìrẹ́, ọ̀kan sí Stadium. Ibi tí ọ̀nà ti pàdé ni àwọn àgbà fi olùṣọ́ sí. Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké orúkọ náà láràárọ̀, "Ojúẹlẹ́gba! Ojúẹlẹ́gba!" Díẹ̀ nínú àwọn tó ń wọkọ̀ ló mọ̀ pé olùṣọ́ ìhà ni wọ́n ń dárúkọ.

Ẹ tún wo ọpọ́n Ifá. Ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ó ní ọ̀tún àti òsì, ó sì ní àárín. Kí babaláwo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń júbà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ojú Èṣù tí a gbẹ́ sí etí ọpọ́n ló ń wo babaláwo lójúkojú. Ohun àtijọ́ ni o! Ọpọ́n kan tó ti Allada wá, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin Republic lónìí, ti wà ní ìlú Ulm ní Jámánì láti ṣáájú 1659, nínú àwọn ohun tí oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann kó jọ. Ayé onígun mẹ́rin ti wà lójú ọpọ́n wa kí òyìnbó amúnisìn kankan tó dé Èkó.

Àwa tún ṣe ohun kan tó yàtọ̀. Bí àwọn ará Íńdíà ṣe pín ìhà fún erin, bẹ́ẹ̀ ni àwa pín ọjọ́ fún òrìṣà. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀sẹ̀ àtijọ́: ọjọ́ Ọ̀ṣẹ̀ ti Ọbàtálá, ọjọ́ Awo ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta ti Ṣàngó. Bí wọ́n bá fi ìhà hàn wá, àwa lè fi àkókò hàn wọ́n.

Erin ńkọ́? Ṣé kò ní àyè kankan nínú èrò wa nípa ilẹ̀ ni? Ó ní i. Ẹ lọ sí Ìlobùú, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti ń bọ Erinlẹ̀. Ọdẹ ni Erinlẹ̀, ìtàn ní ó wọlẹ̀ ó sì di odò, odò náà sì ń ṣàn wọ inú odò Ọ̀ṣun. Erin àti ilẹ̀ ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìlú Erin-Ọ̀ṣun wà nítòsí ibẹ̀. Òrìṣà yìí bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà, Inle ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa: erin Íńdíà wà lábẹ́ ilẹ̀, ó ń gbé ayé ró, bó bá mira ilẹ̀ á mì. Erin tiwa wọlẹ̀, ó di omi tí èèyàn ń mu. Eyín erin sì dé ibi ọpọ́n Ifá gan-an, nítorí pé ìrọ́kẹ́ tí babaláwo fi ń lu ọpọ́n, eyín erin ni wọ́n máa ń fi gbẹ́ èyí tó níyì jù nínú wọn. Erin ò ṣọ́ igun ọpọ́n, ṣùgbọ́n òun ló ń kan ìlẹ̀kùn.

Irú ìjọra kẹta ló kù, òun ni ìyáwó tòótọ́. Èmi ò sọ pé Yorùbá ò yá nǹkan rí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò mọ èdè tó ń sọ. "Àríwá" tí à ń lò lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ Hausa ni, arewa. "Gábásì" tí àwọn Mùsùlùmí wa ń lò fún ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun, gabas ti Hausa ni, ìlà-oòrùn ló túmọ̀ sí. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ìró bá ìró mu, ìtumọ̀ bá ìtumọ̀ mu, a sì mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé: òwò àti ẹ̀sìn, láti òkè Ọya wá. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú rẹ̀, "àríwá" ti di ọmọ ilé tó bẹ́ẹ̀ tó fi wọ inú Ìwé Mímọ́. Nǹkan mẹ́ta yìí, ìró, ìtumọ̀ àti ọ̀nà, ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Èyí tí kò bá ní ọ̀nà, ẹ má tíì gbà á.

Íńdíà pàápàá ní ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà náà sì hàn kedere. Owó ẹyọ ni. Erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni ọ̀pọ̀ owó ẹyọ tí a ná ti wá. Díẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó kó wọn gba Yúróòpù wá sí etíkun wa, wọ́n sì fi wọ́n ra èèyàn. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyangàn. Owó náà wọ inú èdè wa jinlẹ̀: àpò tó gba 20,000 ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀kẹ́ fi di iye. Ẹyọ kan náà ni wọ́n fi ń dá ẹ̀rìndínlógún. Ẹ ṣàkíyèsí pé Maldives fún wa ní ẹyọ, kò fún wa ní Ifá. Èèyàn lè ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àlejò kó sì fi rán agbádá baba rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni àwòrán. Ní ìgbà 1880, wọ́n tẹ àwòrán obìnrin kan tó ń fi ejò dánilárayá ní ìlú Hamburg ní Jámánì. Àwòrán náà dé etíkun Áfíríkà, àwọn èèyàn wò ó, wọ́n ní Màmí Wàtá nìyí. Ní 1955, ilé iṣẹ́ Shree Ram Calendar ní Bombay tún 12,000 ẹ̀dà rẹ̀ tẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ní Kumasi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Henry Drewal ló tọpa ìtàn yìí. Àwòrán àwọn òrìṣà Íńdíà náà tẹ̀lé e. Ní Togo àti Benin, àwọn olùbọ Màmí Wàtá rí àwòrán Dattatreya olórí mẹ́ta, wọ́n ní Densu tiwọn ló jọ. Àwòrán ló ti Íńdíà wá, Densu ti wà nílé kó tó dé. Ní Èkó tiwa, ilé iṣẹ́ Chellarams ti ń ṣòwò láti 1923, àwọn ará Íńdíà sì ti pẹ́ ní Ìlúpéjú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Muṣin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Íńdíà àti àwa, iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún un, kò nílò láti fi "erin" àti "mẹ́rin" ṣe àlọ́.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo tó báyìí lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp? Nítorí pé a ti rí irú rẹ̀ rí, ó sì ná wa ní nǹkan. Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí iṣẹ́ ọnà tó rẹwà, ó sì gbọ́ nípa òrìṣà àti ìhà ayé. Dípò kó gbà pé àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ni baba wọn ṣe é, ó ní Atlantis ni, ìlú tí ìtàn àwọn Gíríìkì ní òkun bò mọ́lẹ̀. Àwa náà sì bá wọn ṣe é. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, wá orírun wa lọ sí ìhà Íjíbítì àti Nubia. Ní 1948, J. Olúmìdé Lucas kọ ìwé lórí ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó jọra létí so wá mọ́ Íjíbítì àtijọ́. Ọmọlúwàbí ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn Yorùbá, wọ́n fẹ́ kí ayé bọ̀wọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ èrò náà: pé bí nǹkan wa bá dára, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ló ti wá. Ọ̀rọ̀ "erin mẹ́rin" yìí, ọmọ ìyá wọn ni. Ẹni tó ń tàn án kálẹ̀ rò pé òun ń gbé wa ga ni, kò mọ̀ pé òun ń gba ọpọ́n lọ́wọ́ babaláwo.

Erin gidi náà sì wà tí à ń gbàgbé. Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, kò jìnnà púpọ̀ sí Èkó. Erin inú igbó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ mọ́: àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń dáko ń há wọn mọ́. Ní 2021, àjọ IUCN ka irú erin yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà ní bèbè ìparun pátápátá. À ń jà lórí erin tó ń ṣọ́ orígun ayé, èyí tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Fún ẹni tó bi mí léèrè, àti fún gbogbo yín: àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí"; bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Mo fẹ́ fi kún un, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, pé bó bá jẹ́ ẹ̀rin la rí, ká sọ pé ẹ̀rin ni. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yín.